Haidiropóníkì: “ọ̀gbìn inú omi”, “àkùrọ̀ ilé”, àbí “ọ̀gbìn omi ajílẹ̀”?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí títí àkùrọ̀ fi wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àbúrò wa kan fẹ́ kọ ìwé pélébé fún àwọn tó fẹ́ máa gbin ẹ̀fọ́ sínú ike omi nílé láìlo iyẹ̀pẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní hydroponics. Ó bi wá pé kí lòun yóò máa pè é. Ẹnì kan ní “ọ̀gbìn inú omi”. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “àkùrọ̀ ilé”. Ẹlòmíràn ní ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà bó ṣe wà, kó máa jẹ́ “iṣẹ́ omi”. Ìyá wa kan ní “ọ̀sìn ẹ̀fọ́” ló tọ́. Àwọn tó kù ní ká fi haidiropóníkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká yéé da ara wa láàmú.

Mo ń gbin létíìsì àti efinrin lọ́nà yìí lẹ́yìn ilé mi n'Ìbàdàn, ojú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń tutù sí i ni mo fi ń wò ó. Èrò tèmi ni pé omi kọ́ ni orúkọ yìí gbọ́dọ̀ dúró lé. Ohun tí a pò mọ́ omi ni, ìyẹn ajílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dá “ọ̀gbìn omi ajílẹ̀” lábàá.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá jà lórí orúkọ kí wọ́n tó fẹnu kò. W. F. Gericke, ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ayé ń gbọ́. Lọ́dún 1929, aquaculture ló pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin ẹja àti ohun abẹ̀mí inú omi ti ń jẹ orúkọ yẹn ṣáájú rẹ̀, ló bá di dandan kó wá òmíràn. Ọdún 1937 ló gbé hydroponics jáde, W. A. Setchell tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì kan náà ló bá a dá a lábàá. Hydro ni omi, ponos ni iṣẹ́, àní làálàá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí àwọn Gíríìkì ní fún iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n wò, wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò, wọ́n fi omi dípò.

Ẹ wá rí i pé “ọ̀gbìn inú omi” tún ń gbé wa padà sínú ọ̀fìn tí Gericke ti jáde kúrò. Ìrẹsì àbàtà ń kọ́? Inú omi kọ́ ló wà ni? “Iṣẹ́ omi” tiẹ̀ burú jùyẹn lọ. Bí mo bá sọ fún ìyá kan ní Mọ́kọ́lá pé iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe, yóò bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ráyè wá bá òun wo páìpù tó ń jò.

Ẹnì kan mú òwe wá láti fi gbe “inú omi” lẹ́sẹ̀: ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ó ní ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ ewéko tó ń gbé inú omi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn méjèèjì dáadáa. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò òṣíbàtà wà. Ewé àti òdòdó rẹ̀ nìkan ló gòkè wá. Ojú oró ló léfòó pátápátá, gbòǹgbò rẹ̀ ń jò láàárín omi láìkan ilẹ̀, ohun tó ti yòrò sínú omi ló sì ń jẹ. Ibo ló ti ń sanra jù? Ibi tí omi ti dọ̀tí ni, níbi tí ajílẹ̀ oko tàbí ẹ̀gbin ilé ti ń ṣàn wọ̀ ọ́. Nínú omi tó mọ́ lóló, kò ní ṣe dáadáa bẹ́ẹ̀. Òwe tí wọ́n mú wá gbe omi lẹ́sẹ̀ ti yíjú padà báyìí.

John Woodward, ará England, ti rí irú èyí lọ́dún 1699. Ó fi ewé míńtì sínú omi oríṣiríṣi, èyí tó wà nínú omi tí wọ́n po iyẹ̀pẹ̀ ọgbà mọ́ sì dàgbà ju èyí tó wà nínú omi òjò lọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1860, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop ní Jámánì ti ń po iyọ̀ oríṣiríṣi mọ́ omi fún ewéko, láìsí iyẹ̀pẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ó kan àkùrọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí odò tí ọ̀rinrin kì í tán nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí a ti ń rí tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo tútù nígbà tí òkè ti gbẹ. Mo mọ ohun tí ẹ rí: ẹ̀fọ́ tó ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ọjà ti rọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni àkùrọ̀, ilẹ̀ gan-an. Bí a bá gbé orúkọ rẹ̀ fún ike, kí la ó máa pe àkùrọ̀ tí àwọn ènìyàn ṣì ń dá lónìí?

“Ọ̀sìn ẹ̀fọ́” ti Ìyá wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Wọ́n ní gbìn kò bá a mu, nítorí ilẹ̀ la ń gbin nǹkan sí. Èyí tí à ń fún lóúnjẹ, tí à ń bẹ̀ wò láràárọ̀, sísìn là ń sìn ín. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àmọ́ gbìn kò fìgbà kan so mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: a ń gbin òdòdó sínú ìkòkò, a ń gbin ọ̀tẹ̀ sí ọkàn ènìyàn. Ohun kejì wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò fẹ́ pọ́ǹpù tí kò sì fẹ́ iná mànàmáná, ni èyí tí B. A. Kratky ní Yunifásítì Hawaii kọ̀wé lé lórí. Ẹ wá ike ọ̀dà tó ti ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ tónítóní, ẹ dá ihò sí ọmọrí rẹ̀, kí ẹ fi ife ike tí ẹ ti lu ìdí rẹ̀ kọ́ sínú ihò náà. Èèpo àgbọn lílọ̀ ni yóò di ọmọ létíìsì mú nínú ife. Omi tí a ti po ajílẹ̀ mọ́, bíi líta 4, tó fún létíìsì kan, ìdí ife ni yóò sì kàn níbẹ̀rẹ̀. Bí létíìsì ṣe ń mu ún ni omi ń fà sílẹ̀, tí gbòǹgbò òkè ń kù sínú afẹ́fẹ́ láàárín omi àti ọmọrí. Ẹ ṣí i wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: gbòǹgbò òkè á ti hu irun wúyẹ́wúyẹ́, afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á gùn, á máa dán, òun ló ń mu omi. Ẹni tó bá wá rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, tó sì sáré bù ú kún dé ọmọrí, ó ti ri gbòǹgbò òkè nù un. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nínú omi rẹpẹtẹ, onítọ̀hún á sì máa ṣe kàyéfì.

Ìyá wa, ẹran wo la ń sìn tí a ó gbé oúnjẹ oṣù kan kalẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹni tó bá tún fún un lóúnjẹ yóò pa á?

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé a nílò orúkọ méjì lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Èyí tí omi rẹ̀ dúró sójú kan bí mo ṣe ṣàlàyé yìí, mo ní ká pè é ní ọ̀nà adágún. Èyí tí pọ́ǹpù ń ti omi rẹ̀ gba inú páìpù kọjá lábẹ́ gbòǹgbò, ọ̀nà ìṣàn. Ẹni tó bá mọ adágún tó sì mọ ìṣàn kò nílò àlàyé púpọ̀. Gbòǹgbò afẹ́fẹ́ àti gbòǹgbò omi náà kò ṣòroó mọ̀.

Ó wá kan omi náà fúnra rẹ̀, ibi tí ìjà pọ̀ sí. Èmi pè é ní omi ajílẹ̀. Olùkọ́ wa kan tú u palẹ̀ pé a-jí-ilẹ̀ ni, ohun tó ń jí ilẹ̀, wọ́n sì bi mí pé ilẹ̀ wo ló fẹ́ jí nínú ike. Ìbéèrè ọ̀mọ̀wé ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ dáhùn. Ojú omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó gun orí ilẹ̀, ó tún di ọkọ̀ òfuurufú. Títí dòní, wíwà là ń wa mọ́tò, kò sì sí ẹni tó béèrè àjẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ajílẹ̀ náà lè kúrò nílẹ̀.

Àwọn orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? “Omi ọlọ́ràá”, láti ara ilẹ̀ ọlọ́ràá: ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀ ni. “Omi aṣaralóore” dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Oúnjẹ aṣaralóore ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́ lórí rédíò látẹnu àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ “omi aṣaralóore” sára ìgò kan kí ẹ gbé e kalẹ̀ nílé tí ọmọdé wà, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ọmọ tó máa gbé omi ajílẹ̀ mu.

Ibi tí ajílẹ̀ ti lè ṣini lọ́nà wà o, ẹni tó ń kọ ìwé pélébé náà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ omi ajílẹ̀ lè lọ rẹ ìgbẹ́ adìyẹ sómi. Ní oko, ó dára. Nínú ike tó ní ọmọrí, jíjẹrà ló máa jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ inú omi tán, gbòǹgbò á sì kú. Yúríà náà kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe lóko, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò fẹ́ gbà. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kì í sábà ní kálísíọ̀mù tó tó ẹ̀fọ́ nínú. Ajílẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n rà, èyí tó ń yòrò tán.

Ó sábà máa ń wá ní ọ̀nà méjì, A àti B. Kálísíọ̀mù wà nínú ọ̀kan, fọ́sféètì àti súlúféètì wà nínú èkejì. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ki: funfun kan á dì, á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì, ohun tí ẹ fowó rà fún ẹ̀fọ́ á wà nídìí ike níbi tí gbòǹgbò kò ti lè mu ún. Ẹ bu omi kún ike ná, ẹ da A sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó da B. Mo rí i pé ẹnì kan fẹ́ dá orúkọ aláwẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún funfun tó rọ̀ sísàlẹ̀ yìí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ń jẹ́. Àwọn ìyá wa ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí ìkòkò.

Fún pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, mo fara mọ́ “ìwọ̀n kíkan”. Létíìsì fẹ́ omi tó kan díẹ̀, láàárín 5.5 sí 6.5, lórí òṣùwọ̀n tí 7 ti jẹ́ àárín. Bó bá ti gòkè jù, tó ń lọ sápá ọ̀dọ̀ kán-ún, irin inú omi kò ní wọlé fún gbòǹgbò mọ́, ewé tuntun á sì pọ́n rúsúrúsú.

“Ọ̀gbìn aláìníyẹ̀pẹ̀” dára, àmọ́ ó gbòòrò ju ohun tí a ń wá lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe orúkọ ìdílé, tí yóò kó ẹni tó ń gbìn sínú àpò èèpo àgbọn tàbí èèpo ìrẹsì mọ́ra. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú omi ni kó máa jẹ́ ọ̀gbìn omi ajílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní ká fi haidiropóníkì sílẹ̀, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tí mo bá fẹ́ ra ọjà. Kí méjèèjì máa gbé pọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lẹ́nu, ẹ̀rọ ayárabíàṣá wà nínú ìwé. Ìwé pélébé tí à ń sọ yìí sì jẹ́ ti àwọn ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò rí orúkọ fún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ike, nǹkan kan tó ní àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, á máa yọ̀, á sì máa bá ẹ̀fọ́ jẹ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kun ike lọ́dà dúdú, tí ọmọrí sì gbọ́dọ̀ dé pinpin, èyí tó tún ń lé ẹ̀fọn sẹ́yìn. Níbí, a kàn ń pè é ní ìdọ̀tí omi, kò sì tó. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti ẹ̀yin ará etí ọ̀sà tó wà láàárín wa, kí lẹ ń pe èyí tó máa ń hù sára òpó ilé àti ìdí ọkọ̀ nínú omi?