Lébẹ́ẹ̀lì tó gbé orúkọ ẹgbẹ́ lódindi

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dára lórí ẹ̀rọ mi, tó wá dàrú lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Iléyá kù ọ̀sẹ̀ kan. Régbérégbé ìyá mi fẹ́ pín aṣọ Ojúde Ọba, èmi "oníkọ̀ǹpútà" ni wọ́n sì ní kí n tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Orúkọ 112 wà lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti BeautifulSoup, irinṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣa ọ̀rọ̀ jáde láti ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣa wọ́n. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wẹ́rẹ́ ló ṣe é.

Àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ní printer. Mo fi fáìlì ètò náà ránṣẹ́ sí i kó fi ṣa orúkọ lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, kó sì tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Kò pẹ́ tó fi pè mí: "Bọ̀dá mi, lébẹ́ẹ̀lì Àlàájà àkọ́kọ́ ti gba ojú ìwé mẹ́ta, kò sì tíì tán o."

Mo ní kó ka iye lébẹ́ẹ̀lì. Ó ní 112 ni, ó pé. Ibẹ̀ gan-an ló ti rú mi lójú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i: lébẹ́ẹ̀lì kìíní gbé orúkọ gbogbo ẹgbẹ́, ìkejì gbé 111, ìkẹta 110, ó ń dín lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí ẹni ìkẹyìn, tó dá orúkọ tiẹ̀ nìkan ní. Python kan náà la jọ ń lò. A mu gààrí lẹ́ẹ̀mejì ká tó rí ìdí ẹ̀.

HTML ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì; <li> ni àmì tó ń ṣí ohun kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ, ó sì yẹ kí àmì mìíràn pa á dé. Ẹni tó kọ ojú ìwé yẹn ṣí <li> fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, kò pa ìkankan dé. BeautifulSoup kì í sì í fúnra rẹ̀ ka HTML, ó ń bẹ ètò mìíràn tó ń ka HTML níṣẹ́ ni. Bí ẹ kò bá dárúkọ ẹni tó máa bẹ̀, á wo ohun tó wà nílé: lxml ló kọ́kọ́ ń wá, bí kò bá rí i, html5lib, bí méjèèjì kò bá sí, html.parser tó bá Python wá. Bí lxml bá rí <li> tuntun, á bá yín pa ti tẹ́lẹ̀ dé. html.parser kò ráyè ìyẹn, á kó ọ̀kan sínú èkejì bí àpò nínú àpò. Iṣẹ́ mìíràn ló mú mi fi lxml sórí ẹ̀rọ mi, mo tilẹ̀ ti gbàgbé. Àbúrò mi kò ní in, torí pip, ètò tó ń gbé irinṣẹ́ Python wálẹ̀, tó bá gbé beautifulsoup4 wálẹ̀ kì í gbé lxml mọ́ ọn.

Ẹ má dá mi lóhùn, BeautifulSoup kìlọ̀ fún mi o! Gbogbo ìgbà ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò yan ẹni tó máa kà á, pé ó lè ṣe nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ mìíràn. Èmi ni mo fi ìlà kan pa á lẹ́nu mọ́, torí ó ń dọ̀tí ojú iṣẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan la fi tún un ṣe: a kọ "lxml" sínú BeautifulSoup, a sì fi sínú requirements.txt, fáìlì tó ń to irinṣẹ́ tí ètò náà nílò. Àbúrò mi ní bí ẹ̀rọ kan kò bá wá ní in ńkọ́? Á kígbe FeatureNotFound, á dúró. Kó kígbe. Ó sàn ju kó tẹ Àlàájà kan pẹ̀lú èèyàn 111 lẹ́yìn.

Lébẹ́ẹ̀lì kìíní tó gùn yẹn, ìyá mi gbà á. Òun ni wọ́n fi ń pe orúkọ nípàdé báyìí.