Ẹ̀tọ́ ni àbí ajẹmọ́nú? Lórí orúkọ tá a fẹ́ sọ owó òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin àbúrò náà, ẹ kú làákàyè. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ìwé òfin iṣẹ́ yunifásítì tá a fẹ́ yí sí Yorùbá yìí, títí dé ibi tọ́rọ̀ ti há sórí "benefits", ìyẹn owó àtàwọn nǹkan mìíì tó ń tọ́ sí òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí owó oṣù, tí ọ̀gá wa kan ní ká kúkú pè é ní "àǹfààní òṣìṣẹ́", tí àǹtí wa sì fèsì pé rárá o, "ajẹmọ́nú" ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, òun làwọn oníròyìn ń lò, kí la tún ń wá kiri. Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà, èmi làwọn tí ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀ máa ń mú pésílíìpù wá bá pé kí n kà á fáwọn, torí náà mo mọ ohun tí orúkọ tí ò bá nǹkan mu máa ń fà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àǹfààní. Ohun téèyàn bá ṣe kòńgẹ́ ẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àǹfààní wà, o sáré débẹ̀, ó ti tán, o padà sílé, o ò rẹ́ni pè lẹ́jọ́. Ìyẹn ò burú fún ilé kọ́tà inú ọgbà tí ò lè kárí, tàbí owó ìrànwọ́ láti lọ kàwé lókè òkun, torí ẹni tó bá kàn ló kàn. Àmọ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, sọ pé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá 8 sí i, wọ́n á ṣírò ẹ̀ lórí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí wọ́n bá pa pọ̀. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún, kí àwọn tó bá fi sáyé lè rí nǹkan dì mú tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ohun tí òfin fi dandan sí báyìí la fẹ́ máa pè láǹfààní? Opó tó wá béèrè owó adójútòfò ọkọ ẹ̀ á wá dà bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Ajẹmọ́nú wá ńkọ́? Mi ò bá ọ̀rọ̀ náà jà, ó níbi tó yẹ ẹ́. Ìrẹsì àti òróró tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń pín lásìkò Kérésì, ajẹmọ́nú gidi nìyẹn, tí wọn ò bá pín in lọ́dún yìí a máa kùn díẹ̀, ó tán. Ẹ ṣáà fetí sí i dáadáa, jíjẹ ló ń dún níbẹ̀, Yorùbá sì mọ bí wọ́n ṣe ń lo "jẹ" tó bá dọ̀rọ̀ owó. "Wọ́n jẹ mí lówó" àti "wọ́n jẹ owó mi", ọmọ kékeré mọ̀ pé wọn ò jọra, ti àkọ́kọ́ ṣì nírètí, gbèsè ni, ìkejì ti dé ikùn ẹlòmíì. "Jẹ" yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àjẹṣẹ́kù tá à ń pe kọ́ọ̀pù, pé èèyàn jẹ, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la. Gbèsè ní ẹni tó ni ín, àjẹṣẹ́kù náà ní ẹni tó ni ín, ajẹmọ́nú nìkan ni ò sọ fún wa pé owó ta ni, bíi pé ọ̀gá kan ló ń bù ú láti inú abọ́ ara ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ wo owó tí wọ́n ń pè ní earned allowance, tí ìjà ẹ̀ ti wà látìgbà àdéhùn ọdún 2009 láàárín ìjọba àpapọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì. Owó kí ni? Olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn tó ń ṣe PhD sọ́nà, ẹni tí wọ́n kó kíláàsì tó pọ̀ ju èyí tó yẹ kẹ́nì kan máa kọ́ lé lórí, ẹni tó ń ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tiẹ̀, àwọn ló ni ín, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà sì ní tiwọn. Iṣẹ́ ọ̀hún ti ṣe tán o, wọ́n ti tọ́ ọmọ náà sọ́nà, ó ti gba PhD ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kóun náà ti máa kọ́ni níbòmíì, owó tó yẹ kí wọ́n san fún ẹni tó tọ́ ọ ni ò tíì dé. Tá a bá wá kọ "ajẹmọ́nú" síbẹ̀, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lójúlé ẹ̀ á ní ṣé nítorí ajẹmọ́nú lẹ ṣe ti yunifásítì pa, ẹ̀yin ọ̀kánjúwà wọ̀nyí. Mo ti gbọ́ ọ báyìí gẹ́lẹ́ nínú ọkọ̀. Ohun tí mo dábàá ni "owó àṣelé", ìyẹn owó iṣẹ́ téèyàn ṣe lé iṣẹ́ ẹ̀. Ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, iṣẹ́ ló ń dún nínú ẹ̀, jíjẹ kọ́. Hazard allowance ò ní wàhálà rárá, "owó ewu iṣẹ́" ti tó, àwọn tó wà ní láàbù ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra níbì kan ṣá, kó má di pé a ń fi ìtumọ̀ jà fún ẹnì kan. Nígbà táwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tí ìjọba ò san owó àwọn oṣù yẹn, tí wọ́n ń tọ́ka sí òfin pé ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ ò ní gbowó, àwọn olùkọ́ ní wọ́n jẹ àwọn lówó. Lóṣù Kẹwàá 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú ẹ̀. Èmi gbà pé ó yẹ kí wọ́n san án pé, torí àwọn olùkọ́ padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ohun tí wọ́n pàdánù. Síbẹ̀ nínú ìwé òfin, "owó oṣù tí wọ́n dá dúró" ló yẹ ká kọ, torí "owó oṣù tí wọ́n jẹ" ti dájọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́.

Ibi tó ká mi lára jù ni gíráṣúítì, ìyẹn owó gọbọi tí wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan dábàá "owó ìmoore" fún un, ọ̀pọ̀ yín sì kí i kú iṣẹ́, èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àmọ́ owó wo la fẹ́ fi pè? Bàbá kan wá bá mi, ọgbà yunifásítì ló ti ń gé koríko kó tó fẹ̀yìn tì, ó fi ọ̀rá wé lẹ́tà tó gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn ẹ̀, ó ká a jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ìka sórí iye àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, ó ní gíráṣúítì òun rèé, òun ti rí i, pẹ́ńṣàn wá dà, ta ló máa máa san án. Mo ní bàbá, inú àpò kan náà làwọn méjèèjì ti ń bọ̀, owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù lára yín ni, pẹ̀lú èyí tí ìjọba fi kún un àti èrè tó pa, wọ́n kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ìyókù ni wọ́n á máa fún yín díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé owó mi ni wọ́n wá fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́ ló ń wò, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún 35 nígbà yẹn, gíráṣúítì ẹ̀ jẹ́ owó ọdún mẹ́ta gbáko, pẹ́ńṣàn ẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó gbà kẹ́yìn, inú àpò ìjọba ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, wọn ò yọ kọ́bọ̀ lára ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn la lè pè ní owó ìmoore, kó sì bá a mu. Ti òde òní yàtọ̀. Òfin 2014 ní kí wọ́n bu tàkọ́kọ́ yẹn fún un, tí ohun tó kù bá ti lè tó san owó tí ò ní dín sí ìdajì ohun tó ń gbà kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ní ká pe tàkọ́kọ́ yẹn ní "owó àkọ́gbà", bí a ṣe ń sọ àkọ́bí àti àkọ́so, kẹ́ni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé nǹkan kan náà ló ń bá a bọ̀, pé bí àkọ́gbà bá ṣe pọ̀ tó ni ti oṣooṣù á ṣe kéré tó. Ká wá fi owó ìmoore pa mọ́ fún ohun tó jẹ́ ìmoore lóòótọ́, torí òfin yẹn náà gbà kí agbanisíṣẹ́ fi nǹkan mìíì kún un látinú àpò tara ẹ̀ tó bá wù ú.

Àwọn tó kù yá. RSA (Retirement Savings Account), ìyẹn àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, "àpò ìfẹ̀yìntì". Àwọn ilé iṣẹ́ méjì tí gbogbo ayé ń pa pọ̀, PFA (Pension Fund Administrator) àti PFC (Pension Fund Custodian), ẹ jọ̀ọ́, ká yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí àkọ́kọ́ ló ń pinnu ibi tí owó máa lọ ṣòwò, owó gan-an ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ ìkejì ló wà, ìdí tí òfin sì fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó má rọrùn fún ẹnì kan láti gbé e sá lọ. "Alábòójútó" àti "akápò", ṣebí Yorùbá ti ní wọn tẹ́lẹ̀.

Ti accrued rights ló le díẹ̀. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí ètò pẹ́ńṣàn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, àwọn ọdún tó ti ṣe sẹ́yìn ò ní owó nínú àpò, ìjọba ló gbọ́dọ̀ san án nígbà tó bá fẹ̀yìn tì, òfin sì ní kí wọ́n máa fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pa mọ́ sí báńkì àpapọ̀ nítorí ẹ̀. Wọ́n pa á tì, èèyàn á fẹ̀yìn tì tán, á máa retí, títí tó fi di pé lóṣù Kejì 2025 ìjọba fọwọ́ sí i kí wọ́n fi bọ́ǹdì yá 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san gbèsè pẹ́ńṣàn. Ẹnì kan ní ká pè é ní "gbèsè àtijọ́". Òótọ́ ni pé gbèsè ni, àmọ́ ojú ẹni tó jẹ ẹ́ ni orúkọ yẹn fi ń wò ó. "Ẹ̀tọ́ àtẹ̀yìnwá" ni mo fara mọ́, ojú ẹni tó ni ín ló fi wò ó.

Ìdáhùn mi lórí "benefits" náà nìyẹn, "ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́". Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní a ti fi ẹ̀tọ́ túmọ̀ "rights", ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó máa dàrú. Kò dàrú rárá. Tí wọ́n bá ń pín ogún, tí ẹnì kan ní "ẹ fún mi lẹ́tọ̀ọ́ mi", kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ṣé ohun téèyàn ń gbé lọ́wọ́ ni àbí ohun tí òfin sọ, méjèèjì ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òyìnbó ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwa ò yà á.

Ẹ tún má gbàgbé àwọn tí ìwé yìí ò dárúkọ rárá, àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, táwọn kọngílá gbà sábẹ́ ara wọn. Permanent and pensionable ò kàn wọ́n, ìyẹn iṣẹ́ téèyàn á máa ṣe títí á fi fẹ̀yìn tì gba pẹ́ńṣàn, èyí tí mo ní ká pè ní "iṣẹ́ àṣefẹ̀yìntì". Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé pẹ́ńṣàn kì í ṣe tàwọn, bẹ́ẹ̀ òfin 2014 ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe é. Tá a bá lè rí ìlà kan fi sínú ìwé náà fún wọn, lédè tí wọ́n á kà tí wọ́n á lóye, màá dúpẹ́.

Ó wá ku sabátíkà, ìyẹn ọdún kan tí wọ́n máa ń gba olùkọ́ yunifásítì láyè kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. "Ìsinmi ọlọ́dún kan" ni wọ́n kọ sínú ìwé tá a ní báyìí, mi ò sì gbà á, torí ẹni tó lọ sabátíkà ò sinmi, yunifásítì mìíì ló lọ, ó ń kọ́ni níbẹ̀, ó ń ṣèwádìí, wọ́n ń sanwó fún un. "Ọdún àyọ̀ǹda" ló ń sún mọ́ ọn lọ́kàn mi, pé wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti lọ rí, kí lẹ máa ń pè é láàárín ara yín?