Ọbẹ̀ mi ń kan, aáyù ń korò, alùbọ́sà ń jẹrà. Ẹ gbà mí o

Bàbá Ìrètí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi lọ fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ní Àbújá látẹnu iṣẹ́, ló bá ku èmi àtàwọn ọmọ méjì ní Ìbàdàn níbí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, búrẹ́dì àti ẹyin la fi gbé e. Ọ̀sẹ̀ kejì, à ń ra oúnjẹ níta. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wo àpò mi, mo ní kí n kúkú wọ ilé ìdáná lọ.

Mo ti se ọbẹ̀ ata lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Àkọ́kọ́ kan, ìkejì korò, ìkẹta kan ó sì tún korò. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tọ́ ọ wò, ó ní, "Dádì, ọbẹ̀ yìí ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lọ ata." Mo gbé àwo mi, mo lọ jókòó sí ìta. Ajá ni mo bu èyí tó kù fún.

Bí ìyá wọn bá ń dáná, láti ẹnu géètì lèèyàn ti máa gbóòórùn alùbọ́sà tó ń dín. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Alùbọ́sà mélòó lò ń fi sí i?" Ó ní, "Ojú ni wọ́n fi ń wò ó." Ojú wo? Ojú tèmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi omijé.

Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé mo rí alùbọ́sà tó pọ̀ lọ́jà, mo ra ìdajì àpò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, omi ti ń jáde lára rẹ̀. Ẹ dákun, kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Ìyá Kúnlé Olóńjẹ:
Bàbá Ìrètí, ẹ kú iṣẹ́ ìyá. Kí n tó sọ ohunkóhun: kí lẹ kọ́kọ́ ń dà sórí iná? Ẹ tò ó fún mi bẹ́ ẹ ṣe ṣe é gan-an, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

Bàbá Ìrètí:
Tàtàsé mẹ́fà, ata rodo mẹ́rin, tòmátì abọ́ kan, alùbọ́sà ńlá mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú bùléńdà, mo bu omi sí i kó lè yí. Mo gbé òróró kaná. Nígbà tó gbóná dáadáa, mo da aáyù tí mo ti gé sínú rẹ̀, mo wá lọ gbé fóònù. Kí n tó dé, aáyù ti ṣe dúdú díẹ̀. Mo ní kò burú, mo da ata lé e lórí. Ó ho bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sọ màgí mẹ́ta sí i, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá Kúnlé Olóńjẹ:
Fóònù yẹn ló ba ọbẹ̀ jẹ́ o 😂

Ẹ jẹ́ ká ti orí aáyù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló korò. Aáyù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kaná kó wá lọ kí ará ilé. Ó kéré, omi ara rẹ̀ ò tó nǹkan, kíá ló ń jó. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá ti gbẹ̀gìrì, tó ń lọ sí ti ẹ̀wà àgànyìn, ẹ da òróró yẹn nù kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí màgí tó lè gbà yín sílẹ̀.

Ẹ̀bi alùbọ́sà kọ́ ni ti kíkan, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lò ó ni. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ mọ́ ata, kò wá ku èyí tó máa dín. Ní búkà mi, ọ̀nà mẹ́ta ni alùbọ́sà ń gbà wọnú ìkòkò kan ṣoṣo. Nínú mẹ́rin tẹ́ ẹ ní yẹn, ẹyọ kan ni màá lọ̀ mọ́ ata. Màá sì se ata yẹn lásán, láìsí òróró, títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ fi ṣíbí fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò: tí ojú ọ̀nà yẹn ò bá tètè padé, ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹ̀yin da ata olómi sínú òróró, ó kàn ń bọ̀ ni, kò dín rárá.

Màá rẹ́ méjì. Iyọ̀ ṣín-ń-ṣín, iná díẹ̀, òróró tí kò gbóná jù. Ẹ máa rò ó. Òórùn tó ń ta ni nímú yẹn á kọ́kọ́ lọ, alùbọ́sà á rọ̀, á máa dán, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá gbé iná sókè nítorí pé ebi ń pa á, ìta á jó, inú ò ní rọ̀. Adùn tó bá jáde níbẹ̀ ló máa gbé kíkan tòmátì mì. Ìgbà tí alùbọ́sà bá rọ̀ tán ni aáyù tó wọlé, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ da ata lé e lórí ní kíákíá. Ata ló máa gba aáyù lọ́wọ́ iná. Ẹ wá dín gbogbo rẹ̀ títí òróró á fi léfòó.

Ìkẹrin tó kù ńkọ́? Ẹ rẹ́ ìdajì rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ dà á sí i ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òun làwọn ará ilé kejì máa gbóòórùn rẹ̀.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Oúnjẹ:
Mà, ẹ ṣeun gan-an. Sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ni mò ń kà, ọ̀rọ̀ ọmọ Bàbá Ìrètí yẹn sì wù mí, torí òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ náà sọ.

Ẹ mú alùbọ́sà tí wọn ò tíì gé, ẹ gbé e sí imú. Kò rùn. Ohun méjì ló ń gbé nínú rẹ̀, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú sì wà: ọ̀kan ní imí-ọjọ́ nínú, èkejì ni ẹ́ńsáìmù tó ń tú u. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá wó ògiri ni wọ́n tó pàdé. Afẹ́fẹ́ tó jáde níbẹ̀ ló ń fò mọ́ omi ojú, tó ń ta á, tí ojú fi ń ṣomi láti fi fọ̀ ọ́ kúrò. Ọ̀bẹ tó kú máa ń tẹ ẹran ara alùbọ́sà fọ́ ju kó gé e lọ, ìyẹn ni ẹkún fi ń pọ̀. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ, ẹ fi alùbọ́sà sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gé e. Òtútù ń fa ẹ́ńsáìmù yẹn sẹ́yìn.

Bùléńdà wá ńkọ́? Gbogbo ògiri ló ń wó lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn ṣọ́ọ̀bù ìlọta gan-an nìyẹn.

Bákan náà ni aáyù. Tẹ́ ẹ bá fi odidi ọmọ aáyù sínú omi ẹran, iná á pa ẹ́ńsáìmù náà kó tó ṣiṣẹ́, aáyù á rọ̀, á dùn, kò ní ta. Tẹ́ ẹ bá gún un, tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kan iná, á lágbára gan-an. Aáyù kan náà ni o, ọ̀bẹ ló yàtọ̀.

Bàbá Ìrètí:
Ṣé ọ̀bẹ ló wá jẹ́! Èyí tí mò ń lò ò lè gé bọ́tà.

Alájà Alálùbọ́sà:
Èmi ń ta alùbọ́sà ní Bódìjà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Bàbá Ìrètí, ibo lẹ gbé àpò yẹn sí?

Bàbá Ìrètí:
Igun ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dùnkún. Inú àpò rẹ̀ náà ló wà, mo so ó lẹ́nu.

Alájà Alálùbọ́sà:
Háà! Ẹ so ó lọ́rùn, ó sì kú.

Ẹ gbọ́, alùbọ́sà wa yìí, láti Kébbi àti Sókótó ló ti ń bọ̀, nínú ọkọ̀ tírélà tó ń rìn tọ̀sán tòru. Ọjà rẹ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀ wà ní Aliero ní ìpínlẹ̀ Kébbi. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ọwọ́ àwọn Hausa la ti gbà á, "albasa" ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ Lárúbáwá làwọn náà sì ti gbà á. Kó tó dé Bódìjà, ooru àpò ti mú un. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mí.

Ẹ tú u sílẹ̀ lónìí. Ẹ máa tẹ ọrùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá gbẹ, tí èèpo rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tọ́jú ẹ. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá rọ̀, inú ti ń bàjẹ́. Ẹ kó o jáde, ọ̀kan tó jẹrà á kó ran gbogbo wọn. Èyí tó bá ti hu ewé, kò burú, ẹ tètè sè é, kẹ́ ẹ rẹ́ ewé rẹ̀ sínú ẹyin. Ẹ kó àwọn tó gbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tó lójú, níbi tí oòrùn ò dé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀dùnkún kó lọ wá ilé ibòmíràn, omi ara rẹ̀ ò jẹ́ kí alùbọ́sà gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á fún ọjọ́ pípẹ́, oṣù kejì sí oṣù kẹrin ló máa ń pọ̀ lọ́jà. Tó bá di ìparí ọdún, ẹ máa wá kí mi lásán, ẹ ò ní lè rà á ní àpò.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, alùbọ́sà ti fẹ́ gbà yín lọ́kàn jù. Ní ilé wa, kán-ún, irú àti iyọ̀ ni ewédú ń gbà. Ó tán. Ilá náà kò bẹ alùbọ́sà lọ́wẹ̀. Ní ti aáyù, inú ìgò àgbo la ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ò fi aáyù sí ọbẹ̀ títí tó fi lọ, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì kan rí. Irú ni kó o wá, ọmọ mi.

Ìyá Kúnlé Olóńjẹ:
Ẹ kú àgbà, sà. Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ewédú, mi ò tako yín rárá. Ẹni tó bá fi alùbọ́sà sí ewédú ní búkà mi, owó iṣẹ́ rẹ̀ á dín. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata láìsí alùbọ́sà ńkọ́, Bàbá?

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́:
Ìyẹn yàtọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Kí n fi tèmi kún un. Ẹni tó bá ń din àkàrà, kó má lọ alùbọ́sà mọ́ ẹ̀wà. Omi rẹ̀ ń tú ẹ̀wà náà, àkàrà á máa mu òróró. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sí i nígbà tí agbada bá ti gbóná. Ti mọ́ínmọ́ín yàtọ̀, ẹ lè lọ̀ ọ́ pọ̀.

Àdùkẹ́ Peckham:
Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n. Níbí, líìkì ni mo ń lò fún ẹ̀fọ́ rírò nígbà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n alùbọ́sà eléwé ni ẹ pè é, ó gùn, ó nípọn, kì í sì í ta. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu wa. Àárín ewé rẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ là á sí méjì lóòró, ẹ ya ewé rẹ̀ lábẹ́ omi. Ibi funfun ni mò ń dín. Ibi ewé tó le, mo ń jù ú sínú omi ẹran, màá sì yọ ọ́ kúrò.

Ìrètí Ń Bọ̀:
Bàbá Ìrètí, ẹ kàn máa gbé aáyù tútù mì láràárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru á pa rẹ́, ẹ ò ní nílò oògùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Rárá o. Ẹ má fi aáyù pààrọ̀ oògùn tí dókítà kọ. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, tàbí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa jẹ aáyù rẹpẹtẹ. Èyí tó wà nínú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.

Nǹkan méjì ló tún kù. Mo rí àwọn tó ń rẹ aáyù tútù sínú ìgò òróró, tí wọ́n gbé e sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé bẹ́ẹ̀, májèlé rẹ̀ lè pààyàn, kì í sì í rùn kẹ́ ẹ tó mọ̀. Fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì tètè lò ó tán. Èkejì: Bàbá Ìrètí, ẹ má bu ọbẹ̀ fún ajá mọ́. Alùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ológbò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wò ó. Tí kò bá jẹun, tí èrìgì rẹ̀ ń funfun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Bàbá Ìrètí:
Ajá wà dáadáa, mo ti yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Òun gan-an ò jẹ ọbẹ̀ náà tán.

Bàbá Ìrètí:
Ẹ kú ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo pọ́n ọ̀bẹ. Mo fi alùbọ́sà sí fíríìjì bí ọmọ wa Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Mo sunkún díẹ̀, kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo pa fóònù. Mo dúró ti ìkòkò yẹn bí ẹ̀ṣọ́: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alùbọ́sà kàn ń wò mí, àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, mo fẹ́ gbé iná sókè, mo rántí Ìyá Kúnlé. Ìgbà tó di bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, òórùn náà yí bìrí. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Èyí tó ń ta mí nímú ló kàn di òórùn ilé ìyàwó mi. Aáyù wọlé, mo ka ọgọ́ta, ata tẹ̀ lé e. Màgí ẹyọ kan ni mo lò.

Ìrètí jẹ ìrẹsì àwo méjì, kò sọ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ló kù o. Ó jẹ gbogbo ọbẹ̀ náà, àmọ́ ó ń ṣa alùbọ́sà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sí etí àwo bí ẹni ń tò ọkọ̀. Kí lẹ máa ń ṣe sí ìyẹn?

Ìyá Kúnlé Olóńjẹ:
Ẹ gé e wẹ́wẹ́ títí kò fi ní rí i mú. Ohun tí mo ṣe fún Kúnlé nìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún báyìí, ó ṣì ń ṣà á.