Besa kì í ṣe Ìgbàgbọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Nínú àwọn orúkọ ará Albáníà tí a ń túmọ̀, Ìgbàgbọ́ la kọ síwájú Besa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá bá rí Ìgbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Àti Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ibẹ̀ ló ń sọ ọmọbìnrin wọn ní Besa.

Ká lè mọ ohun tí besa jẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ ká wo Kanun, òfin àtẹnudẹ́nu àwọn ará òkè lápá àríwá Albáníà. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Shtjefën Gjeçovi, ló kó o jọ, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1933. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá pa ènìyàn, ìdílé òkú lè fún un ní besa wákàtí 24. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí àkókò náà á fi pé, kódà ó ń lọ síbi ìsìnkú ẹni tó pa! Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn ní 1943, àwọn tó fi Júù pamọ́ sílé sọ pé besa ló mú àwọn ṣe é.

Ẹnì kan dábàá Ìlérí. Kò wúwo tó. Èèyàn lè ṣèlérí kó má mú un ṣẹ, kó bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìmùlẹ̀ ni èmi fara mọ́. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀: pa lédè wọn ni "láìsí", pabesë sì ni ẹni tí kò ní besa. Kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ ara wọn ṣinṣin.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìmùlẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, a kì í sì í fi sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ là ń wá, a ò sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ká kọ "ìmùlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kì í yẹ̀" sí Besa, ká kọ "ẹni tí kì í dalẹ̀" sí Besnik, orúkọ ọkùnrin tó wá láti inú besa.

Fatmir ò le: fat ni ìpín, mirë ni rere. Oríire bá a mu gan-an. Agim, tí a kọ Òwúrọ̀ sí, nílò ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ: àfẹ̀mọ́júmọ́ ni.

Ó ku Jeton, tí a pè ní Dúrójayé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni: "ó ń gbé ayé." Dúrójayé ń bẹ ọmọ kó má lọ, Jeton kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó ń sọ pé ọmọ wà láàyè. "Ó wà láàyè" ni kí a kọ.