Ààlà kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ń yí padà: báwo ni mo ṣe lè fi ọdún kan wé èkejì?

Àbíkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ mi, láti 2011 dé 2022, ZIP code, ìyẹn kóòdù ìfìwéránṣẹ́ wọn, nìkan ni mo sì fi mọ ibi tí kálukú ń gbé. Máàpù ààlà ti 2020 ni mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ lé. Ni mo bá rí kóòdù kan tí iye aláìsàn ibẹ̀ já sí ìdajì láàárín ọdún kan. Mo ti kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àrùn náà ń rọlẹ̀, kí n tó rí i pé kóòdù tuntun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Àyà mi já. Kí ni ṣíṣe?

Bàbá Táyọ̀: Ọpẹ́ ni pé ìròyìn náà kò tíì jáde. ZIP code kì í ṣe ilẹ̀, ọ̀nà tí àwọn apínlẹ́tà ń tọ̀ ni, láti 1963 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ojúlé bá pọ̀ jù, wọ́n lè gé e sí méjì. Òmíràn ò ju àpótí lẹ́tà lọ, òmíràn sì jẹ́ ilé ńlá kan ṣoṣo. Ààlà tí ẹ ń wò lórí máàpù, èyí tí wọ́n ń pè ní ZCTA, Census Bureau, iléeṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ló yà á, kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n á wo àdúgbò kéékèèké tí wọ́n fi ka èèyàn, kóòdù tí ojúlé ibẹ̀ bá ń lò jù ni wọ́n á fún un. Ìkànìyàn 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ti 2010 àti 2020 wá tẹ̀lé e. Kóòdù tó pín ní 2014 kò lè hàn lórí ti 2010 láé.

Ṣadé: Ẹ má ṣe fi fífẹ̀ ilẹ̀ pín èèyàn o! Mo ti ṣe é rí. Igbó ló gba ìdajì kóòdù kan, gbogbo ilé wà lápá kejì. Ìṣirò mi kó ìdajì aláìsàn sínú igbó. Ojúlé ni kí ẹ fi pín in. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ń gbé fáìlì jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ìdá tó bọ́ sí àgbègbè ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ojúlé kóòdù kan. Bí 0.7 bá bọ́ síbì kan, tí 0.3 bọ́ síbòmíràn, aláìsàn 100 á di 70 àti 30. Fáìlì ìgbà tí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ náà ni kí ẹ lò, kì í ṣe tòní.

Délé: Òótọ́ ni, àmọ́ fún kóòdù méjì péré, iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù. Ẹ so àtijọ́ àti tuntun pọ̀ bí ẹyọ kan láti 2011 dé òpin. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé inú àtijọ́ nìkan ni wọ́n ti gé tuntun. Kí ẹ sì fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí síwájú kóòdù kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ yín. Bẹ́ẹ̀ ni àkójọ kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ti ONS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Ìlú Ọba, ṣe rí: oṣù tí kóòdù wọlé àti oṣù tó kúrò wà níbẹ̀, wọn kì í pa èyí tó ti kúrò rẹ́. Ṣé kóòdù bíi 02139 kò tíì di 2139 lọ́wọ́ Excel? Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bíi nọ́ńbà.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo so méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ ọdún méjèèjì kò tó aláìsàn mẹ́wàá. Àrùn náà kò rọlẹ̀ rárá. Mo ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Òdo sì ti jábọ́ lára àwọn kóòdù kan lóòótọ́. Òun ni mo ń dá padà báyìí.