Wíwò ju rírí lọ: lórí orúkọ tí a ó fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, bí kọ̀ǹpútà bá wo fídíò tó sì sọ ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń ṣe, kí a máa pe iṣẹ́ náà ní "ìdánimọ̀ ìṣe". N kò fara mọ́ ọn. Ní Ìlọrin níbí, bí o bá dárúkọ ìdánimọ̀, káàdì ni ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò máa wá nínú àpò, nítorí pé ẹni tí ènìyàn jẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí; ẹ̀rọ yìí kò sì bìkítà bóyá Àlàbí ni tàbí Àjàó. "Ìṣe" náà ti bá àṣà rìn pẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ló yẹ ká jíròrò. Ìṣẹ́jú akàn ti tó fún rírí, ṣùgbọ́n wíwò a máa gba àkókò. Mo dá fídíò kan dúró lórí fóònù níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ọkùnrin kan tẹ ara síwájú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo wọn ní ó wà ní rúkúù, ìtẹ̀ba inú ìrun. Mo jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n rí àwòrán kan, wọn kò tíì wò ó. Kọ̀ǹpútà náà ní láti so àwòrán kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e kí ó tó lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, "ìwòṣemọ̀" ni tèmi: bí "wo ìran" ṣe di "wòran", bẹ́ẹ̀ ni "wo ìṣe" di "wòṣe", "mọ̀" sì ni ibi tí wíwò náà parí sí. Òótọ́ ni pé "ìṣe" tí mo bá wí ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ "wò" tó ṣáájú rẹ̀ kò jẹ́ kó dún bí àṣà mọ́.

Orúkọ ìṣe kọ̀ọ̀kan ló le jù. Àkójọ fídíò KTH, tí àwọn onímọ̀ fi ń dán irú ẹ̀rọ yìí wò, tó jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga KTH ní Sweden ní ọdún 2004, ní ìṣe 6 tí ènìyàn 25 ṣe. Rírìn, sísáré, kíkan ẹ̀ṣẹ́, jíju ọwọ́ àti pípàtẹ́wọ́ kò yọ wá lẹ́nu. Ẹ̀kẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "jogging", wà láàárín rírìn àti sísáré. "Rírọra sáré" ni mo fi dípò rẹ̀, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bí ẹ̀yin ará Ìgbómìnà tàbí Ọ̀fà bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá.