Títọ́ eyín ni, kì í ṣe ìṣoge eyín

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fáwọn òbí ti béèrè pé kí la máa pe iṣẹ́ àwọn dókítà tó ń to eyín ọmọdé tó wọ́, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ní kéèyàn tètè gbé ọmọ wá fún. Wọ́n ti dá "ìṣoge eyín" lábàá, wọ́n dá "àyẹ̀wò eyín kùtùkùtù" lábàá, ẹnì kan ní ká máa pe bréèsì, wáyà tí wọ́n ń so mọ́ eyín kó lè tọ́, ní "ìjánu eyín", ẹ̀gbọ́n wa kan sì to èjí mọ́ àwọn àléébù eyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ìyá ọmọ ló máa ka ìwé yẹn, ohun tó bá yé e níbẹ̀ náà ló máa ṣe.

"Ìṣoge eyín" yẹn ni mi ò lè gbà rárá. Oge ṣíṣe, ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì lè dúró dìgbà tọ́mọ bá wọ yunifásítì. Bàbá tó ń wá owó sùkúù á ka "oge", á sì gbé ìwé náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń wò lẹ́nu ọmọ ọdún méje, egungun àgbọ̀n ni. Ọmọ tí eyín òkè ẹ̀ bọ́ sínú tìsàlẹ̀ lápá kan, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ pa eyín dé àfi kó kọ́kọ́ yẹ àgbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn ò bá tètè bójú tó o àgbọ̀n yẹn lè dàgbà wọ́ sápá ibẹ̀. Àjà ẹnu ọmọdé ṣì ṣeé fẹ̀, torí pé ojú ibi tí egungun méjèèjì ti pàdé láàárín àjà ẹnu ò tíì so pọ̀ dan-in dan-in, irin kékeré kan ni wọ́n máa ń fi há a, tí òbí á máa yí sukúrù àárín ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nílé bí dókítà bá ṣe ní kó ṣe é, tọ́mọ bá ti wá bàlágà tán iṣẹ́ ọ̀hún á le, àgbàlagbà míì sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló máa bá a dé. Níbo loge wà nínú ìyẹn?

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni "títọ́ eyín". Orthodontics làwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ yìí, wọ́n lọ mú orthos, ohun tó tọ́, lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, wọ́n fi lẹ̀ mọ́ eyín. Tiwa tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí "tọ́" wa yìí, ohun tí ò wọ́ ló tọ́, ọmọ náà la sì ń tọ́, iṣẹ́ tí dókítà yìí ń ṣe sì nìyẹn gan-an, ó ń tọ́ eyín àti àgbọ̀n sọ́nà bọ́mọ ṣe ń dàgbà. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ ní "ìtọ́ eyín" bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́ látàná. Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìsí àmì, "ito eyin", ẹni tó bá rí i á kà á sí itọ́ ẹnu, tàbí kó kà á sí ìtọ̀, eyin ọ̀hún á sì di ẹyin adìẹ. Wàhálà yẹn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára "títọ́". Dókítà ẹ̀ á wá jẹ́ atọ́yín.

"Kùtùkùtù" ńkọ́? Ìyá tó bá ka "àyẹ̀wò eyín kùtùkùtù" á jí ọmọ ní aago márùn-ún ìdájí, kò ní jẹ́ kó fẹnu kan oúnjẹ. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn atọ́yín Amẹ́ríkà, American Association of Orthodontists, ní kó tó kọjá ọdún méje ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ọmọ wò, ìdí ni pé nígbà yẹn eyín ńlá ẹ̀yìn àkọ́kọ́ tí kò ní ká mọ́ ti sábà máa ń yọ, ti iwájú náà sì ti ń pààrọ̀. Àwa náà mọ àkókò yẹn, òun làwọn ọmọ máa ń ju eyín tó ká sórí òrùlé, tí wọ́n á ní kí wọ́n bo ẹnu kí aláǹgbá má rí i. Ẹ pè é ní "àyẹ̀wò ìgbà ìpààrọ̀ eyín", kò sí ìyá tí kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó gbé tiẹ̀ wá.

Ẹnì kan wá fi "kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò" gbè é lẹ́sẹ̀. Òwe tó dáa ni, ṣùgbọ́n níbí yìí ó lè ṣini lọ́nà, torí yíyẹ ọmọ wò ní kékeré yàtọ̀ sí kí wọ́n kó wáyà sí i lẹ́nu ní kékeré. Ọ̀pọ̀ ọmọ, dókítà á kàn ní kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Àwọn Cochrane tó máa ń kó ìwádìí jọ yẹ ọ̀rọ̀ eyín òkè tó yọ síta wò, wọ́n gbé e jáde ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2013 àti 2018, ohun tí wọ́n rí ni pé tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré eyín iwájú ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kán tó bá ṣubú, àmọ́ yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó dúró dìgbà ọ̀dọ́langba ò pàdánù nǹkan kan. Torí náà "àyẹ̀wò" gbọ́dọ̀ dá dúró nínú ìwé yẹn, "ìtọ́jú" náà kó dá dúró, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ yọ èjí kúrò láàárín àléébù. Ẹwà ni nílẹ̀ wa, ẹni tí Ọlọ́run ò fún tiẹ̀ ń lọ là á. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án tí eyín òkè iwájú ẹ̀ ya síra, bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, àlàfo yẹn sábà máa ń pa dé fúnra ẹ̀ tí eyín ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ bá yọ ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sí méjìlá.

Bréèsì ní tiẹ̀, "wáyà eyín" táráàlú ń pè é ti tó. Ìjánu, ohun tó ń dá ẹṣin dúró ni, wáyà yìí sì rèé, ó ń gbé eyín rìn ni.

Èyí tó kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún lórúkọ ni èyí tí wọ́n máa ń fi sí i tí eyín ẹ̀yìn ọmọdé bá jẹrà tí wọ́n sì yọ ọ́ kí àkókò tó tó. Òrùka irin kan ni, wọ́n á fi de eyín tó tẹ̀ lé e, wáyà á tẹ̀ kọrọdọ lára ẹ̀ lọ kan eyín iwájú ibẹ̀, kí eyín ẹ̀yìn má bàa sún wá gba ibi tí àgbà eyín máa yọ sí, èyí tó lè má yọ títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́wàá. "Ẹ̀ṣọ́ àyè" ni mo fẹ́ pè é. Àbúrò, ẹ fi sínú ìwé náà bí ẹnikẹ́ni ò bá mú èyí tó dáa jù ú lọ wá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.